Ìtẹríba: Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ náà àti Ẹ̀rí Ilẹ̀ Àpápá

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tí kì í lò ó. Ọ̀rọ̀ náà ni Ìtẹríba. A ń fi í kọ́ ọmọ nílé, a ń fi í gba ìyàwó níyànjú lọ́jọ́ ìgbéyàwó, a ń fi í bá ọmọ-iṣẹ́ wí, a sì ń gbọ́ ọ láti orí àga ìwàásù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn a máa dà bí ojú ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ń tọ̀ lójoojúmọ́: a ń gba orí rẹ̀ kọjá, a kì í wo ilẹ̀ mọ́. Àwọn kan rò pé ìtẹríba ni kí ènìyàn gba ohunkóhun tí a bá ṣe sí i láì la ẹnu. Àwọn mìíràn sì wí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹrú ni, kò sì yẹ ọmọ ènìyàn tí ó ní làákàyè. Lójú tiwa, àti àwọn ti ìṣáájú àti àwọn ti ìkẹyìn ni wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ náà mú.

Nítorí náà, ohun méjì ni a ní í ṣe. A ó kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà wò fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó wo ìtàn ilẹ̀ kan, èyí tí í ṣe ilẹ̀ Àpápá, níbi tí èbúté ńlá àti àdúgbò tí a ń pè ní GRA gbé wà lónìí. Lórí ilẹ̀ yẹn ni a gbé dán ìtumọ̀ ìtẹríba wò níwájú àwọn adájọ́, láti Èkó títí dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó bá sì mọ ìtàn náà kò ní ṣi ọ̀rọ̀ náà lò mọ́.

I. Ọ̀rọ̀ náà Fúnra Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó parapọ̀ di ọ̀kan nínú rẹ̀: tẹ̀, orí, àti ba. Tẹ̀ ni kí a mú ohun tí ó nàró wá sílẹ̀ láì ṣẹ́ ẹ, gẹ́gẹ́ bí a ti í tẹ ẹ̀ka igi kí a lè ká èso rẹ̀. Bí a bá jọ̀wọ́ ẹ̀ka náà, a tún padà sí ipò rẹ̀. Ba ni kí a rẹ ara sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọdẹ ti í ba nínú igbó. Inú ìdílé ọ̀rọ̀ kan náà ni ibùba ti jáde. Ẹni tí ó tẹríba, nígbà náà, ni ẹni tí ó mú orí ara rẹ̀ wá sílẹ̀ níwájú ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun méjì níhìn-ín. Èkínní ni pé ẹni náà fúnra rẹ̀ ni ó tẹ orí rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹlòmíràn fi ọwọ́ agbára tì í mọ́lẹ̀. Ẹni tí a tì mọ́lẹ̀ ti ṣubú ni, kò tẹríba. Èkejì ni pé orí náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Orí tí a tẹ̀ kì í ṣe orí tí a gé. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé àwọn baba wa kò ka orí sí egungun àti irun lásán. Ìpín ẹni àti iyì ẹni ni wọ́n ń rí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ irú ohun bẹ́ẹ̀ fún wa ti bọlá fún wa gidigidi, a sì ti di onígbèsè rẹ̀.

Èdè wa kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ nínú ọ̀ràn yìí. Ìdọ̀bálẹ̀ wà fún ọkùnrin, ìkúnlẹ̀ sì wà fún obìnrin. Iṣẹ́ ara ni àwọn wọ̀nyí. Ìwárí ni ti ọba. Ìbà ni ti àwọn tí ó ṣíwájú wa nínú iṣẹ́: ọdẹ, onílù àti akéwì a máa júbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìforíbalẹ̀ ni kí orí kan ilẹ̀, ìdí nìyí tí a fi ń lò ó gidigidi nínú ọ̀ràn ìsìn. Ìgbọràn ni ti etí. Ìsìnrú sì ni ti ẹni tí a rà, tí kò ní ìpinnu tirẹ̀. Ìtẹríba kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn gan-an. Ènìyàn lè tẹríba lórí ìjókòó. Ó lè tẹríba nínú ìwé tí ó kọ ránṣẹ́ sí ẹni tí kò rí rí. Ènìyàn sì lè dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí ó má tẹríba rárá, nítorí náà ni àwọn àgbà fi sọ pé ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà. Ìtẹríba ni kí ènìyàn mọ ipò ara rẹ̀ àti ipò ẹlòmíràn, kí ó sì fi ìyẹn hàn tinútinú.

Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, tí Ìwé Romu sì tẹ̀lé e ní èdè wa ní 1850, iṣẹ́ tí ó wà níwájú òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kéré. Wọ́n ní láti wádìí nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti kà sílẹ̀ wọ̀nyí èyí tí yóò gbé ẹ̀kọ́ àwọn Aposteli láì bà á jẹ́. Nínú orí karùn-ún Ìwé Efesu, kí Aposteli náà tó bá àwọn aya sọ̀rọ̀, ó ti kọ́ gbé ìtẹríba ka gbogbo ìjọ lórí: kí wọ́n máa ṣe é fún ara wọn. Ẹ gbé èyí yẹ̀wò. Bí ìtẹríba bá jẹ́ pé kí ẹnìkan sọ gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ nù fún ẹlòmíràn, báwo ni gbogbo wa yóò ti ṣe é fún ara wa? Ta ni yóò kù tí yóò gbà á? Àṣẹ náà kò lè ní ìtumọ̀ àfi bí ẹni tí ó tẹríba bá ṣì jẹ́ ẹni tí a lè tẹríba fún pẹ̀lú.

II. Bí Èkó Àtijọ́ ti Lò Ó

Ẹ jẹ́ kí a wá sí orí ìtàn. Ìtàn Èkó sọ pé àwọn ọmọ Olófin ni ó pín ilẹ̀ àgbègbè yìí láàárín ara wọn. Láti inú ìdílé wọn ni àwọn ìjòyè aláfilà funfun tí a ń pè ní Ìdẹ́jọ ti wá: Àrómirẹ́, Olúwa, Ọjọ́ra, Olótò, Oníru àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àwọn ni onílẹ̀. Nígbà tí ìdílé ọba tí ó ní í ṣe pẹ̀lú Benin wá jókòó lórí ìtẹ́ Èkó, àwọn Ìdẹ́jọ tẹríba fún ọba. Ṣùgbọ́n wọn kò gbé ilẹ̀ wọn fún un. Ìtàn kan náà sọ pé oko ata Àrómirẹ́ ni a kọ́ Ìgá Ìdúngànrán sí, níbi tí Ọba Èkó ń gbé títí di òní. Ọba tí a ń wárí fún jókòó lórí ilẹ̀ ẹni tí ń wárí fún un! Kò sí ẹnikẹ́ni nínú Èkó ayé ìgbà náà tí ó rí ohun àjèjì nínú èyí. Adé wà fún ọba, ilẹ̀ wà fún onílẹ̀, olúkúlùkù sì mọ ibi tí ọ̀wọ̀ tirẹ̀ gbé bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí láàárín onílẹ̀ àti àlejò tí ó wá tọrọ ibi tí yóò gbé kọ́lé tàbí dáko. Àlejò náà a mú obì àti ọtí wá. Lọ́dọọdún a sì mú ìṣákọ́lẹ̀ wá. Ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe iye owó ilẹ̀. Ó lè kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ àṣà yóò fi rẹ́rìn-ín. Ìtẹríba tí a lè fi ojú rí ni. Ohun tí ó ń wí ni pé, "Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ ni ilẹ̀ yìí." Níwọ̀n ìgbà tí àlejò bá ń wí bẹ́ẹ̀, tí kò sì hùwà tí kò tọ́, onílẹ̀ kò ní lé e kúrò. Ọjọ́ tí ó bá sẹ́ onílẹ̀, tí ó ní òun ni òun ni ín, ọjọ́ náà ni ọ̀ràn bàjẹ́. Ìjòyè onílẹ̀ pàápàá kò lè ta ilẹ̀ náà bí ó bá ti wù ú, nítorí pé ti ìdílé ni, àwọn tí ó wà láàyè àti àwọn tí a kò tíì bí. Ẹni tí a ń tẹríba fún náà ní ibi tí ó ń tẹ orí tirẹ̀ sí.

III. Ìwé Dòsùnmú

Ní ọjọ́ 6 oṣù Ògọ́sítì, 1861, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé ọwọ́ Ọba-bìnrin Victoria. William McCoskry, tí ń ṣe adelé fún Kọ́ńsù, àti Ọ̀gá-ọkọ̀ Bedingfield ni ó wá gba ìwé náà, ọkọ̀ ogun Prometheus sì wà lójú omi pẹ̀lú àwọn ìbọn ńlá rẹ̀. A ṣe ìlérí owó fún ọba náà lọ́dọọdún, 1,200 àpò owó ẹyọ. Àwọn Ìdẹ́jọ kò gbà. Wọ́n ní ọba kò ní ilẹ̀ tí ó lè fi fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti wà nílẹ̀ tí a kò dáhùn. Gbogbo ìlú ti tẹríba fún Ọba Gẹ̀ẹ́sì. A ń san owó ibodè, a ń pa òfin mọ́, a ń lọ sí kóòtù rẹ̀. Ǹjẹ́ nípa ìtẹríba yìí, ilẹ̀ ti di tirẹ̀ bí? Fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, a lè gbé pọ̀ láì dáhùn. Àpápá ni ó mú kí a dáhùn.

IV. Ẹjọ́ Ilẹ̀ Àpápá

Rélùwéè tí ó ti Èkó bẹ̀rẹ̀ ti dé Kánò, ẹ̀pà àti òwú sì ń bọ̀ láti òkè. Ìjọba ń wá ibi tí ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi yóò gbé pàdé ní etí ọ̀sà, Àpápá sì ni ojú wọn bà lé. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà 1913, lábẹ́ òfin gbígba ilẹ̀ fún ìlò gbogbo ènìyàn tí a ṣe ní 1903, Ìjọba kéde pé òun gba nǹkan bí éékà 255 nínú ilẹ̀ Olúwa ní Àpápá. Olúwa ayé ìgbà náà ni Amodu Tijani, ọ̀kan nínú àwọn aláfilà funfun. Òfin ní kí a san owó fún onílẹ̀. Ẹjọ́ tí ó wà nílẹ̀ ni iye tí ó tọ́.

Ẹ wá wo bí a ti yí ìtẹríba sódì. Àwọn ènìyàn ń gbé lórí ilẹ̀ náà, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Olúwa. Lójú gbogbo ọmọ Èkó, èyí ni ẹ̀rí tí ó dájú jù pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ ní Èkó wò ó ní ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ tí ìjòyè náà ní kò ju ti alábòójútó tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ìwọ̀nba owó ẹ̀tọ́ yẹn nìkan ni kí a san fún un. Àmì ọlá ni wọ́n sọ di ìwọ̀n ọlá. Nítorí pé obì kéré, wọ́n rò pé ẹni tí a gbé obì fún kéré pẹ̀lú.

Olúwa kò gbà. Ṣùgbọ́n báwo ni kò ti gbà? Kò kó ọ̀dọ́ jọ láti fa òpó àwọn awọnlẹ̀ tu. Ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síwájú Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí a mọ̀ sí Privy Council, àní ilé ẹjọ́ ọba kan náà tí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ gba ilẹ̀ náà. Ní 1920 ó wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, Herbert Macaulay, awọnlẹ̀ àti olóṣèlú, sì bá a lọ. Ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ni Macaulay í ṣe: baba-ńlá ti kó àwọn ọ̀rọ̀ èdè wa jọ fún ayé rí, ọmọ-ọmọ sì lọ ran ìjòyè lọ́wọ́ láti ṣàlàyé àṣà wa fún àwọn adájọ́ òkèèrè. A kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé pé Mùsùlùmí ni Olúwa, onígbàgbọ́ sì ni Macaulay. Ilẹ̀ baba kò bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n gbé ń gbàdúrà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Júláì, 1921, Viscount Haldane ka ìdájọ́ náà. Ó kìlọ̀ pé kí a má fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì nìkan wo àṣà ilẹ̀ mìíràn. Ìgbìmọ̀ náà gbà pé ti àwùjọ tàbí ti ìdílé ni ilẹ̀, àti pé ìjòyè ń dì í mú fún wọn gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú. Wọ́n sì gbà pé ìwé 1861 kò gba ohun ìní lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀: bí ìlú bá bọ́ sábẹ́ aláṣẹ mìíràn, èyí nìkan kò sọ ohun ìní àwọn ará ìlú di ti aláṣẹ náà. Nítorí náà kí a san owó fún Olúwa gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń gbé ilẹ̀ náà sílẹ̀ pátápátá ní orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Iye tí a wá san ní ìkẹyìn jẹ́ £22,500.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ìbéèrè 1861 gba ìdáhùn níhìn-ín. Ẹni tí ó tẹríba fún ọba kò tipa bẹ́ẹ̀ fi ilé rẹ̀ fún ọba. Ìjọba gba ilẹ̀ náà ṣá o. Èbúté dìde níbẹ̀, ibi ìgúnlẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ńlá lè gúnlẹ̀ sí sì parí ní 1926. Ṣùgbọ́n rírà ni, kì í ṣe gbígbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀tọ̀ ni kí a ra nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn, ọ̀tọ̀ sì ni kí a wí fún un pé kò ní í rí.

V. Ọ̀ràn Eléèkó

Ìtàn náà ní apá kejì, èyí tí ó le jù. Nígbà tí Olúwa àti Macaulay ń lọ, ọ̀pá àṣẹ Eléèkó Èṣùgbàyí bá wọn lọ. Nígbà tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù, a gbé ọ̀rọ̀ kan jáde nípa ipò Eléèkó tí ó bí Ìjọba nínú. Ìjọba ní kí ọba náà sẹ́ Macaulay ní gbangba, kí ó rán akéde pẹ̀lú agogo yí ìlú ká. Èṣùgbàyí fi ìwé sọ pé òun kò pàṣẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti rán agogo. Ibi tí ìtẹríba rẹ̀ gbé parí nìyí: òtítọ́ tí a béèrè, ó sọ ọ́, ìtìjú tí a fẹ́ kí ó fi kan ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò ṣe é. Ìjọba kò kà á sí olórí mọ́, wọ́n sì dá owó rẹ̀ dúró. Ní 1925 wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́.

Òun náà kò gbé ohun ìjà. Ó pe ẹjọ́, ó tún pe ẹjọ́, fún bí ọdún mẹ́fà, títí ẹjọ́ náà fi dé Privy Council. Ní oṣù Máàṣì 1931, Lord Atkin sọ ìpinnu ìgbìmọ̀ náà: pé kò sí ìránṣẹ́ ìjọba kankan tí ó lè gba òmìnira ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó lè fi hàn níwájú ilé ẹjọ́ pé òfin fún un ní àyè bẹ́ẹ̀, àti pé àwọn adájọ́ kò gbọdọ̀ sá fún ṣíṣe ìwádìí náà. Ní ọdún náà, nígbà tí Donald Cameron ti di Gómìnà, Èṣùgbàyí padà sí Èkó pẹ̀lú ayọ̀ ńlá. Ó sì wọ àjà ní ọdún tí ó tẹ̀lé e.

Kí ni a rí nínú èyí? A rí i pé aláṣẹ pàápàá ní láti tẹríba. Gómìnà tí gbogbo ìlú ń ṣí fìlà fún ní láti ṣí fìlà fún òfin. Ìtẹríba tí ó ń gòkè nìkan, tí kò ní ibi tí ẹni òkè gbé ń tẹ orí tirẹ̀ sí, kì í ṣe ìtẹríba mọ́, ìnilára ni.

VI. Ohun tí Ó Kàn Wá

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà ní Àpápá. Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó ni a ya àdúgbò tí a ń pè ní GRA sọ́tọ̀ fún. Lónìí ọmọ onílẹ̀ àti àlejò ń gbé e. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Ajégúnlẹ̀ wà, tí orúkọ rẹ̀ ń wí pé ajé ti gúnlẹ̀, níbi tí àwọn ènìyàn láti gbogbo ẹ̀yà Nàìjíríà ti wá tẹ̀dó nítorí iṣẹ́. Láti 1978, òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ Gómìnà rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kan náà ní kí ó dì í mú fún ànfààní gbogbo ènìyàn. Ẹ kíyè sí i: ipò olùtọ́jú tí àwọn adájọ́ rí lára Olúwa ni a gbé ka Gómìnà lórí. Ẹni tí ó di ohun púpọ̀ mú fún ẹlòmíràn ni ó yẹ kí ó tẹ orí rẹ̀ jù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ó rí nínú ilé àti nínú ìjọ. Ọkọ tí ń béèrè ìtẹríba lọ́wọ́ aya rẹ̀, ǹjẹ́ ó rántí pé a ti pàṣẹ ti ara wọn fún àwọn méjèèjì? Alàgbà tí ń bínú nítorí pé ọ̀dọ́ béèrè ìṣirò owó ìjọ, ta ni ó sọ fún un pé ìbéèrè jẹ́ àfojúdi? Olúwa béèrè, kò sì dẹ́kun láti jẹ́ ọmọ ìlú tí ó pa òfin mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ pẹ̀lú, ẹ má ṣe rò pé nítorí pé ẹ ní ẹ̀tọ́, ẹ kò ní orí tí ẹ lè tẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò tẹríba fún ẹnikẹ́ni kò ní mọ bí a ti ń gba ìtẹríba nígbà tí ó bá kàn án. Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kò sí bí wọn ì bá ti dá a bí ìhà kan bá ń sọ̀rọ̀ tí a sì pa èkejì lẹ́nu mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí a bá tún fẹ́ lo ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ wa, fún aya wa, fún ọmọ-iṣẹ́ wa, tàbí fún ọmọ ìjọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè bí a ti ṣe tán láti tọ́jú ohun tí ẹni náà fẹ́ gbé lé wa lọ́wọ́. Bí a bá ṣe tán, kí a gbà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí a kò bá sì tíì ṣe tán, kí a jẹ́ kí ó gbé orí rẹ̀ sókè.